Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Yìnyín ìpẹ̀kun ayé, ẹja Ọjà Ọba àti gáàsì fíríìjì

Oṣù tó kọjá ni a kọ ọ́ síbí pé nínú ooru àfikún tí èéfín ẹ̀rọ àti ilé-iṣẹ́ dá sílé ayé, ìdá tó lé ní 90 nínú 100 ló wọ inú òkun lọ. A ò rò pé ọ̀rọ̀ òkun lè mú ará Kwara kọ lẹ́tà tó báyìí, nígbà tí a ò ní etíkun. Lẹ́tà pọ̀, mẹ́fà la mú. Èyí tó gùn jù, a gé e kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù. Ẹja yìnyín àti stọ́kífíṣì ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Owó tí à ń fi ra odidi àpò stọ́kífíṣì tẹ́lẹ̀, kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kó o wá láti Èkó ní òkun òyìnbó ló ń gbóná. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń fi bò wá lójú? — Ìyá ẹlẹ́ja, Ìlọrin

ÈSÌ: Wàálékúmù sàlámù, Ìyá wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, àbùlà náà sì wà níbẹ̀.

Stọ́kífíṣì tó lórúkọ jù, erékùṣù Lofoten ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè ló ti ń wá. Ẹja kọ́ọ̀dù ni. Inú òkun Barents, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ló ti ń dàgbà, àárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ló sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lofoten láti yé ẹyin. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń dè é. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á so ó ní méjì-méjì ní ìrù, wọ́n á fi kọ́ orí àtẹ igi níta gbangba láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Kò sí iyọ̀, kò sí iná; afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣeré níbi tí omi ti ń dì, kó má jìnnà sókè, kó má jìnnà sísàlẹ̀. Bí òtútù bá le jù, omi inú ẹran ẹja á di yìnyín, á fọ́ ẹran náà, ẹja á wá rọ̀ bíi kànìnkànìn. Bí ó bá móoru jù, eṣinṣin á bà á, á rà. Orí tí wọ́n gé kì í ṣòfò: Nọ́wè àti Iceland ń gbẹ òun náà, ọ̀dọ̀ wa níbí ló sì ń bọ̀.

Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ló jọ ń ṣàkóso kọ́ọ̀dù òkun Barents. Láti 1976 ni ìgbìmọ̀ wọn ti ń jókòó lọ́dọọdún láti fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò pa. Nígbà tí òkun náà kọ́kọ́ ń móoru, ó bá ẹja náà lára mu: ibi tó ti lè jẹun gbòòrò sí i, agbo rẹ̀ sì pọ̀. Ní 2013, mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni wọ́n fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹja tó ń dàgbà wọ agbo bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ọdún lórí ọdún. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún 2025 jẹ́ 340,000 tọ́ọ̀nù péré. Bí ẹ bá ń ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, mẹ́ta àti díẹ̀ ló kù fún yín, Ìyá.

Ẹ má bínú sí wọn. Bí wọn ò bá dín in kù, ẹ wo Kánádà. Àwọn náà ní kọ́ọ̀dù tiwọn ní Newfoundland, wọ́n pa á bí ẹni pé kò lè tán, nígbà tó di 1992 ìjọba ti ibẹ̀ pa nítorí agbo náà ti wó. Ó di 2024 kí wọ́n tó ṣí i fún àwọn oníṣòwò ńlá padà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Àbùlà tí àwọn ará Èkó ò sọ fún yín ni ti dọ́là. Ẹja tó ti wọ́n nílé rẹ̀, tí a tún ń fi náírà tó ti rẹ̀ wẹ̀sì rà, kò lè rọjú. Kì í ṣe òkun ló fa ìyẹn.

Ti ẹja yìnyín, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ara páálí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ FAO sí, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ẹ wo nọ́ḿbà tó tẹ̀lé e, òun ló ń sọ omi tí wọ́n ti pa ẹja náà. 27 ni omi tó yí Nọ́wè, Iceland àti Scotland ká. 34 ni omi tiwa níbí, láti Morocco sọ̀ kalẹ̀. 47 ni ìhà Namibia, 87 ni Chile àti Peru. Orúkọ Látìn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Scomber scombrus ni Titus àríwá, Scomber japonicus ni ìbátan rẹ̀, Trachurus ni kòtè, Micromesistius poutassou sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní pánlá. Titus 27 ní ẹjọ́ lọ́rùn. Nígbà tí omi ibẹ̀ móoru, láti nǹkan bí 2007, ẹja náà ń ya lọ sí omi Iceland, Iceland sì ní òun náà yóò pín nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ò gbà. Kálukú wá ń bu iye tó wù ú fúnra rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ sì ń kọjá ohun tí àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n pa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba àmì ẹja-tí-a-pa-níwọ̀nba kúrò lára rẹ̀ ní 2019.

Páálí tó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì, ẹ ó mọ̀ ọ́n: omi á ti dì pọ̀ sí ìdí rẹ̀, páálí náà á ti wú, ẹja á ti tẹ̀ kọdọrọ, ikùn rẹ̀ á ti bẹ́. Ìwọ̀n òtútù -18 ló yẹ kó wà láti ọkọ̀ ojú omi títí dé fírísà yín.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní bí yìnyín inú ife bá yọ́, ife kì í kún, nítorí náà irọ́ ni pé yíyọ́ yìnyín ń mú òkun ru. Mo mọ̀ pé wọn ò jàre, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa fi hàn wọ́n. — Olùkọ́, Òmù-Àrán

ÈSÌ: Ẹ kí àwọn ọmọ náà fún wa, ọpọlọ wọn pé. Wọ́n jàre ní ìdajì.

Ẹ wá abọ́ aláwọ̀ gíláàsì méjì tó dọ́gba. Ẹ da omi sínú èkínní títí kó fi ju ìlàjì lọ, kí ẹ ju yìnyín mẹ́fà sí i kó léfòó. Nínú èkejì, ẹ gbé òkúta kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ẹ da omi yí i ká ṣùgbọ́n kí orí òkúta yọ síta, kí ẹ to yìnyín mẹ́fà sórí rẹ̀. Ẹ fi bírò sàmì ibi tí omi dé lára abọ́ méjèèjì. Láàárín wákàtí kan pẹ̀lú ooru ọ̀sán Òmù-Àrán, gbogbo rẹ̀ á ti yọ́. Omi abọ́ kìíní ò ní kúrò lójú àmì. Ti abọ́ kejì á ga. Ohun méjì ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Bí omi abọ́ kìíní bá kéré, yìnyín á fìdí kanlẹ̀, kò léfòó mọ́ nìyẹn, omi á sì ga nígbà tó bá yọ́, àwọn ọmọ á wá ní ẹ parọ́. Bí òkúta bá dagun, yìnyín á yọ̀ ṣubú sínú omi kí ẹ tó sàmì.

Abọ́ kìíní ni ìpẹ̀kun àríwá: òkun ni, yìnyín ibẹ̀ ń léfòó. Abọ́ kejì ni Greenland àti Àǹtáátíìkà, níbi tí yìnyín jókòó sórí ilẹ̀. Bí ti Greenland bá yọ́ tán, òkun gbogbo ayé á ga ní nǹkan bíi mítà 7. Ti Àǹtáátíìkà, nǹkan bíi mítà 58. Kì í ṣe lójú wa. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni pé òkun ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ti ń fi bíi mìlímítà 4 ga lọ́dún báyìí. Apá kan rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe yìnyín: omi tó bá gbóná ń wú.

Ohun kan wà tó máa ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Òkìtì yìnyín tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní agbára láti fa omi òkun mọ́ra. Bí ó bá yọ́, agbára yẹn á dín, omi tó ti fà mọ́ra á sì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, yìnyín Greenland tó ń yọ́ kò mú òkun ga nítòsí Greenland. Etíkun tó jìnnà sí i, bíi tiwa, ló ń fara gbá a. Ìlọrin jókòó sórí òkè tó tó nǹkan bí 300 mítà sí ojú òkun, òkun ò ní bá a níbẹ̀. Àmọ́ Èkó wà nísàlẹ̀, Ayétòrò ní Ìlàjẹ wà nísàlẹ̀, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò.

Wọ́n lè wá bi yín pé, ṣé yìnyín àríwá ò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn? Ẹ mú wọn jáde síta, kí wọ́n wo páànù tuntun tó ń dán àti páànù tó ti dógùn-ún lórí ilé àtijọ́. Èwo ló ń gbóná jù? Yìnyín tí òjò dídì bò ń dá ìdá tó lé ní 80 nínú 100 ìtànṣán oòrùn padà sókè. Omi òkun tó ṣí sílẹ̀ ń dá nǹkan bí ìdá 6 padà, ó ń gbé ìyókù mì. Ní oṣù kẹsàn-án, tí yìnyín àríwá máa ń kéré jù lọ́dún, ohun tó máa ń kù láyé àtijọ́ ju mílíọ̀nù 6 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ní 2012, mílíọ̀nù 3.4 ló kù. Omi dúdú gba ipò yìnyín funfun, ooru sì ń bí ooru. Ìdí nìyí tí ìpẹ̀kun àríwá fi ń móoru ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ìyókù ayé lọ láti 1979.

Bí àyè bá kù, ẹ ra mínírà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú yìnyín, ẹ fi èkejì sínú oòrùn, kí ẹ ṣí wọn pọ̀. Èyí tó gbóná á hó dànù. Èyí tó tutù á di gáàsì rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkun tútù ṣe ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra ju òkun gbígbóná lọ, tí omi rẹ̀ sì ń tètè kan sí i. Ẹ ju ègé ìkarahun ìgbín sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n rí bó ṣe ń hó tí ó ń jẹrà. Kíkan òkun ò le tó ti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ sọ bẹ́ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n òkun ti kan sí i ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ láyé, ẹ̀dá kékeré inú rẹ̀ tó ń fi ẹfun mọ ìkarahun ló sì ń jìyà rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó wà lókè òkun fi kápúsù epo kríìlì ránṣẹ́ sí mi fún oríkèé ríro. Wọ́n ní ẹja Àǹtáátíìkà ni. Ṣé ó lẹ́bi kí n máa lò ó? — Ìyá àgbà, Àjàṣẹ́-Ìpo

ÈSÌ: Kríìlì kì í ṣe ẹja, Ìyá; ẹbí edé ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Òun ni àwọn ẹja ńlá, ẹyẹ pẹ́ńgúínì àti àbùùbùtán ibẹ̀ ń jẹ. Iye tí àjọ tó ń bójú tó o fọwọ́ sí ní ìhà ibi tí wọ́n ti ń pa á jù ni 620,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, kò sì pọ̀ bí a bá fi wé kríìlì tó wà níbẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú kan ni àwọn ọkọ̀ ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ sí, nítòsí ibi tí pẹ́ńgúínì ti ń bọ́ ọmọ. Òfin tó ní kí wọ́n tú u ká parí ní 2024, wọn ò sì fẹnu kò lórí òmíràn. Ní 2025 wọ́n ti pa gbogbo ìwọ̀n náà tán kí oṣù kẹjọ tó parí. Ẹ lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín tán, kí dókítà yín mọ̀ nípa rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn náà, Titus náà ní irú ọ̀rá yẹn lára.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń tún fíríìjì àti éésì ṣe ní Táíwò. Ọmọ iṣẹ́ mi ní òun gbọ́ lórí rédíò pé gáàsì tí à ń tú dànù ń yọ yìnyín ìpẹ̀kun ayé. Mo ní gáàsì inú fíríìjì kan ò tó nǹkan. Ta ló jàre? — Ògá oníṣẹ́ fíríìjì, Ìlọrin

ÈSÌ: Ọmọ iṣẹ́ yín ló jàre, ògá. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i.

R-12 ayé àtijọ́ ló jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé gáàsì fíríìjì ń rin ìrìn-àjò dé Àǹtáátíìkà. Ní 1985 ni àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ibora ósóònù tó ń dáàbò bò wá lójú òfuurufú ti lu lókè ibẹ̀. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal láti jáwọ́ nínú gáàsì tó fà á. R-134a ló rọ́pò rẹ̀. Kò ba ósóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń há ooru mọ́lẹ̀: kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 1,430 kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Fíríìjì tó gba 100 gíráàmù, tí ẹ bá tú u sáfẹ́fẹ́, 143 kìlógíráàmù nìyẹn. Lítà pẹtiróòlù kan ń mú nǹkan bíi 2.3 kìlógíráàmù jáde. Tó túmọ̀ sí pé fíríìjì kékeré kan ṣoṣo tí ẹ tú dànù dà bíi kí ẹ jó kẹ́ẹ̀gì epo onílítà 25 méjì àti àbọ̀. Odidi sìlíńdà 13.6 kìlógíráàmù kan ju tọ́ọ̀nù 19 lọ. R-22 inú éésì àtijọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní 1,810, ó sì tún ń jẹ ósóònù. R-600a tó wà nínú àwọn fíríìjì tuntun, nǹkan bíi 3 péré ni tirẹ̀.

Ibi tí gáàsì ti ń ṣòfò jù ni àfikún tí à ń ṣe láìwá ibi tó ń jò. Fíríìjì ilé kì í jẹ gáàsì bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń jẹ epo. Bí gáàsì bá dín, ó ń jò níbì kan, èyí tí ẹ bá fi kún un á sì tún bá ojú kan náà lọ. Oníbàárà á padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ó tún gba owó, òun náà á sì máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé iṣẹ́ yín ò dáa.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ agbàgáàsì gba èyí tó kù sínú sìlíńdà agbàgáàsì, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ eérú, tí èjìká rẹ̀ jẹ́ ìyeyè. Ẹ má gbà á sínú sìlíńdà àlòtì tí wọ́n fi ta gáàsì tuntun. Ọ̀nà kan ni fáàfù rẹ̀ ń gbà, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè bẹ́. Ẹ má kún un kọjá ìdá 80 nínú 100, torí gáàsì olómi ń wú nínú oòrùn. Oríṣi kan, sìlíńdà kan: R-22 àti R-134a tó bá ti pò pọ̀, kò sí ẹni tó máa tú u yà fún yín ní Ìlọrin.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ lè rí ibi tó ń jò, ẹ fún náítírójìn gbígbẹ sínú ẹ̀rọ náà, kó má kọjá ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ sára rẹ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìjó páìpù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi ọ́síjìn ṣe é ń pe ikú. Ọ́síjìn bá ọ́ìlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ pàdé lábẹ́ agbára, ó ń bú gbàmù. Nígbà tí ẹ bá jó ojú ibi tó ń jò tán, ẹ pààrọ̀ fítà, kì í ṣe pé kí ẹ gbọ̀n ọ́n nù kí ẹ dá a padà. Ẹ wá fi fákúọ̀mù pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí géèjì á fi dé 500 máíkírọ́ọ̀nù, kí ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ máa wò ó. Bí ó bá ń gòkè, omi tàbí ojú jíjò ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Omi díẹ̀ tó bá kù ni yóò lọ dì sí ẹnu páìpù tíńrín nì: fíríìjì á tutù fún wákàtí méjì, á dáwọ́ dúró, á yọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló bàjẹ́, kì í sì í ṣe òun.

Gáàsì tuntun, òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, iye tó wà lára pátákó ẹ̀yìn fíríìjì. Fífi ọwọ́ kan páìpù kí ẹ ní “ó ti tó” ti pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún R-600a. Iná ń ràn mọ́ ọn bíi gáàsì ìdáná, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í tó ìdajì ti R-134a, nítorí náà òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan lẹ nílò. Ẹ má rà á dà sínú fíríìjì R-134a: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ò bá a mu, ibi tí iná ti ń ta nínú fíríìjì náà kò sì ní ìdáàbòbò. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí iná ìjópáìpù má sì súnmọ́ ọn títí gbogbo gáàsì inú rẹ̀ á fi jáde tán.

Ó kù síbi òfin. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Kigali ní 2016 ti kan àwọn gáàsì bíi R-134a. Ẹgbẹ́ tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlò rẹ̀ tún pọ̀ sí i láti 2024, kí wọ́n dín ìdá 10 nínú 100 kù ní 2029, kí èyí tí wọ́n dín kù sì di ìdá 80 nínú 100 ní 2045. Ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gbọ́ rédíò yẹn, R-600a ni kí ẹ tètè kọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ta ló tilẹ̀ ni ìpẹ̀kun ayé? Kí ló dé tí wọn ò fi òfin de gbogbo rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán? — Òǹkàwé, Ọ̀fà

ÈSÌ: Ìpẹ̀kun méjèèjì ò rí bákan náà. Ti gúúsù jẹ́ ilẹ̀ tí kò ní onílé. Orílẹ̀-èdè méje ló ń sọ pé apá kan rẹ̀ jẹ́ tàwọn, ṣùgbọ́n àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1959 so gbogbo ẹjọ́ yẹn rọ̀. Kò sí ológun níbẹ̀, sáyẹ́ǹsì ló wà fún. Ní 1991 wọ́n tún fi kún un ní Madrid pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa kùsà níbẹ̀, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Nínú òkun ibẹ̀, wọ́n fẹnu kò ní 2016 láti dáàbò bo òkun Ross, 1.55 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin, fún ọdún 35. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé àwọn agbègbè mìíràn wá síwájú ìgbìmọ̀, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ò gbà, ẹnu gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ kò kí nǹkan tó lè ṣe. Ẹni tó bá ti jókòó nípàdé ìdílé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ̀ láti fọwọ́ síwèé tà-ilẹ̀ mọ bó ṣe rí.

Ti àríwá jẹ́ òkun, ó sì ní àwọn onílé létí: Rọ́ṣíà, Kánádà, Amẹ́ríkà, Nọ́wè, àti Denmark nítorí Greenland. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni kò ní olúwa. Kí yìnyín tó ṣí i sílẹ̀ tán, wọ́n ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: ní 2018 wọ́n jọ gbà, pẹ̀lú Ṣáínà, Japan, South Korea, Iceland àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, pé kò sí ọkọ̀ oníṣòwò tó máa pẹja ní 2.8 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin yẹn fún ọdún 16, láti 2021. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé. Lójú tiwa, nínú gbogbo àdéhùn òkun tó wà, òun ló mọ́gbọ́n dání jù.

Ti epo ọkọ̀ ò dáa tó bẹ́ẹ̀. Epo dúdú tí ọkọ̀ ńlá ń jó nípọn bí ọ̀dà. Bí ó bá dà sínú omi tútù, kì í fẹ́ lọ, abẹ́ yìnyín ló ń lẹ̀ mọ́, èéfín rẹ̀ sì ń kun yìnyín lẹ́dú. Wọ́n ti fòfin dè é ní gúúsù láti 2011. Ní àríwá, oṣù keje 2024 ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ kan lè fi máa jó o títí di 2029. Àwọ̀n tó lu nìyẹn.

Fún òkun gbogbo ayé, àdéhùn omi tí kò ní olúwa, tí wọ́n ṣe ní 2023, ti di òfin láti oṣù kìíní 2026. Àdéhùn tó ní kí ìjọba má fowó ran ọkọ̀ tó ń jí ẹja pa náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án 2025, ní àjọ tí ọmọ wa Ngozi Okonjo-Iweala ń darí. Ìyẹn kàn wá ju pẹ́ńgúínì lọ, torí omi 34 tí a dárúkọ fún Ìyá ẹlẹ́ja lókè ni àwọn ọkọ̀ yẹn ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá, ẹ̀gbẹ́ odò Ásà la wà. A fẹ́ dá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dúró kó má baà dé òkun. A kó o lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òjò kan ó tún kún. Kí ló kù tí a lè ṣe? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìlọrin

ÈSÌ: Ẹ ò lè fi ọwọ́ kó odò tán, ẹ̀yin àbúrò. Ojú gọ́tà ni kí ẹ dè é. Ká sọ òótọ́ fún ara wa, púpọ̀ nínú ọ̀rá tó wọ Ásà ò ní dé Odò Ọya, áńbọ̀ńtórí òkun. Á há sí bèbè, á há sí abẹ́ afárá, á sì mú omi ya wọlé. Èyí tó bá lọ, oòrùn á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà. Irú wẹ́wẹ́ ike bẹ́ẹ̀ ti wà nínú yìnyín ìpẹ̀kun àríwá báyìí.

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 ṣe ọgbà kékeré sí ẹnu gọ́tà tó ń já sódò. Kí àlàfo irin kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ dà á dagun sí ọ̀nà tí omi ń lọ, ẹ má gbé e dúró ṣánṣán, kí orí rẹ̀ sì relẹ̀ ju ògiri gọ́tà lọ ní bí ìbú ọwọ́ méjì, kí omi lè gba òkè rẹ̀ bí ìdọ̀tí bá dí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á fi irin súnmọ́ra kó lè mú ohun gbogbo. Ewé á dí i ní òjò àkọ́kọ́, omi á wọlé àwọn èèyàn, àdúgbò á fi òòlù wó o. Ẹ rí baálẹ̀ àti àwọn ará ọ̀nà yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa kó o lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Nínú odò fúnra rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí ẹ dé pa, tí ẹ fi okùn ike so pọ̀, tí àwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 40 rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, lè darí ìdọ̀tí sí bèbè kan. Ẹ má nà án ní ìbú odò tààrà. Ẹ dà á dagun, kí omi máa ti ìdọ̀tí lọ sí ibi tí ẹ ti lè kó o. Igi ńlá ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe afárá. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti ń le, ẹ tú u kúrò. Bàtà rọ́bà tó dé orókún àti ìbọ̀wọ́ pọn dandan, torí àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ ń bẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tà á, ẹ ṣà á. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 110, ike ìgò mínírà ń fẹ́ tó 250; bí wọ́n bá jọ wọ inú ẹ̀rọ, ọ̀kan á ti jóná kí èkejì tó rọ̀, oníbàárà á sì da àpò yín padà. Bí ègé kan bá rú yín lójú, ẹ jù ú sínú korobá omi: ọ̀rá àti ìdérí ìgò á léfòó, ègé ara ìgò mínírà á rì. Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ sá a. Ẹrẹ̀ àti omi ni oníbàárà fi ń rẹ́ yín jẹ lórí òṣùwọ̀n, torí náà ọjọ́ kejì òjò gan-an ni kí ẹ lọ kó o, kí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lára.